Olófòófó Inú Ògiri

Ògiri létí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èyí tó wà ní kọ́ńpáǹdì wa ní Kabusa níbí ti ní ẹnu mọ́ etí, ó sì ń fi ẹnu náà sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ fún yín o. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní mai ruwa ni. Kò sí ilé tí mai ruwa kì í ti kẹ̀kẹ́ omi rẹ̀ wọ̀ ní àdúgbò yìí, kò sì sí ẹni tó jẹ́ bá a jà, nítorí bó bá bínú tí kò gbé omi wá lọ́la, ta ló fẹ́ wẹ̀?

Ẹja ló fà á. Ìyá Ìbejì, tó ń gbé yàrá tó kángun sí géètì, ló kọ́kọ́ gbóòórùn ẹja láàárọ̀ kùtù nígbà tó ń se omi tíì. Kì í ṣe òórùn ẹja gidi, ẹja tó ti pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kaná ni. Ó yọrí lójú fèrèsé, kò rí èéfín lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ki kẹ́tùlù bọ iná báyìí ni òórùn tún dé. Kò pẹ́ tó fi pinnu pé Ìyàwó Sójà tí wọ́n jọ pín ògiri ló wà nídìí ẹ̀. Ó ṣe tán, ọmọ Makurdi ni Ìyàwó Sójà, etí odò Benue ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹja kì í wọ́n nínú ìkòkò rẹ̀. "Ẹ ò rí ayé," ni Ìyá Ìbejì sọ fún mi, èmi kò sì bi í o, "obìnrin á máa dín ẹja lójoojúmọ́, kò ní fi ìrù lásán ránṣẹ́ sáwọn ìbejì. Ìbejì o! Àwọn tí ẹlòmíràn ń se ẹ̀wà fún kí wọ́n lè súre fún un!"

Mo fi ọ̀rọ̀ náà sínú. Bó ṣe wá dé etí Ìyàwó Sójà kí ilẹ̀ tó ṣú, Ọlọ́run ló yé.

Ìjà ọjọ́ náà, ẹ ò rí nǹkan. Ìyàwó Sójà kó gbogbo ìkòkò rẹ̀ jáde sí àgbàlá, ó ní kí olúkálukú wá fi imú ara rẹ̀ gbọ́ òórùn wọn. Èmi lọ gbọ́ ọ. Ilá ni. Ká sọ tòótọ́, inú Ìyá Ìbejì kò dùn tẹ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ẹja tó dé. Léèsì búlúù tó rà fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ n'Íbàdàn ló gbé fún Bàbá Tẹ́lọ̀ tó wà ní yàrá ìkẹyìn, tí Bàbá Tẹ́lọ̀ wá ní olè já ṣọ́ọ̀bù òun, ó sì gbé e lọ. Àǹkárá ló wọ̀ dé ibi ìgbéyàwó ọmọ ìyá rẹ̀, lójú gbogbo ará ilé ọkọ. Ẹni tí irú èyí bá ṣe, bó bá gbóòórùn òdòdó, ẹja ni yóò pè é. Ṣùgbọ́n ìyẹn ìtàn mìíràn, ẹ jẹ́ n pa á tì.

Wọ́n ń jà lọ́wọ́ ni Bàbá Lánlọ́ọ̀dù náà gbé ẹjọ́ tirẹ̀ dé. Gbagyi ni bàbá wa, ara àwọn tó ni ilẹ̀ yìí kí ìjọba ológun tó fi òfin sọ ọ́ di ilẹ̀ olú-ìlú tuntun ní 1976. Àwọn obìnrin wọn ló ń gbé ẹrù lé èjìká dípò orí, wọ́n ní orí ni ọba ara, a kì í di ẹrù lé ọba. (Mo ti fi garawa omi dán an wò. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.) Bàbá kì í fi ìròyìn Hausa orí rédíò ṣeré láàárọ̀, rédíò kékeré kan tó ti wà kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó háyà yàrá níbẹ̀ ló máa ń gbé sétí. Ẹjọ́ rẹ̀ ni pé gbàrà tí ìròyìn bá ti dé ibi tó dùn, rédíò á bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣààààà, kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó ti pààrọ̀ bátìrì. Ó ti fa irin orí rẹ̀ gùn títí ó fi fẹ́ẹ̀ ṣẹ́. Ó ní àwọn olóṣèlú ló wà nídìí ẹ̀, kí mẹ̀kúnnù má bàa gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi owó ṣe.

Kọ́pà wa dúró, ó ń gbọ́. Ọmọ tó kàwé nípa iná ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Minna ni, tó ń sin ìlú níbí, tó sì ń gbé yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ kànga. Ó bi bàbá ní aago tí rédíò máa ń hó. Aago mẹ́fà ààbọ̀. Ó bi Ìyá Ìbejì ní aago tí ẹja máa ń rùn. Aago mẹ́fà ààbọ̀. Ló bá gba rédíò lọ́wọ́ bàbá, ó yí i sí AM, síbi tí iléeṣẹ́ kankan kò ti sọ̀rọ̀, ó ní kí Ìyá Ìbejì lọ ki kẹ́tùlù rẹ̀ bọ iná. Ó wá ń gbé rédíò náà rìn lẹ́bàá ògiri, gbogbo wa tẹ̀ lé e. Bó ṣe ń sún mọ́ ilé ìdáná Ìyá Ìbejì ni ariwo ń pọ̀ sí i. Nígbà tó kan ọ̀gangan sọ́kẹ́ẹ̀tì, rédíò kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan nínú ìbejì fi bú sẹ́kún. Táyé ni àbí Kẹ́hìndé, n kò wò ó.

Kọ́pà lọ pa iná gbogbo ilé láti orísun, ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n, ó ti dúdú, ṣíkúrù kan ti tú débi pé èèyàn lè fi ọwọ́ fa wáyà yọ. Òórùn ẹja gba gbogbo ilé. Irú ike tí wọ́n fi ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ara wáyà ni, bó bá ti gbóná kọjá ààlà, bó ṣe máa ń rùn nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò dín ẹja. Ǹjẹ́ Ìyá Ìbejì tọrọ àforíjì? Ó ní ká fi í sílẹ̀, pé bí Ìyàwó Sójà kò bá tíì dín in, yóò dín in lọ́jọ́ kan.

Mo ní kí Kọ́pà ṣàlàyé fún mi dáadáa kí n lè rí i sọ níta. Ó ní bí ṣíkúrù bá tú, wáyà kò ní fara kan irin tímọ́tímọ́ mọ́, àlàfo tíńtín á wọ àárín wọn, iná á sì máa fo àlàfo náà. Fífò yẹn ni àwọn tó kàwé ẹ̀ ń pè ní arc. Ojú lè má rí i, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ bàbà inú wáyà ti yọ́ kó tó dé 1,100. Á sun ike ara wáyà di èédú, èédú sì ń gbé iná kọjá, nítorí náà èédú yẹn á di ọ̀nà tuntun fún un. Títí tí kọ́tìnì tàbí pákó tó wà nítòsí á fi gbiná.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù bínú sí bíréékà. Ó ní owó gọbọi lòun fi rà á, kí ló ń ṣe nígbà tí ògiri òun ń jó? Ẹ má dá bíréékà lẹ́bi o. Iye iná tó ń kọjá ni wọ́n ní kó máa kà, bó bá pọ̀ jù kó já. Kẹ́tùlù wọ́ọ̀tì 2,000 lórí fóltì 230 kò gbà tó ámpíà 9, bẹ́ẹ̀ 20 ni wọ́n kọ sára bíréékà yàrá yẹn. Arc tó wà lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú kẹ́tùlù kì í fi kún iye yẹn, ńṣe ló tilẹ̀ ń bù ú kù díẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lè jó di eérú, bíréékà á ṣì máa ka ámpíà 8, á ní kò séwu. Irú kejì wà, èyí tó ń fò láti wáyà kan sí ìkejì nígbà tí eku bá ti jẹ ara wọn. Ìyẹn ń fa iná púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè má dúró pẹ́ tó kí bíréékà tó mọ̀ ọ́n lára. Nínú méjèèjì, ẹni tó bá ń gbọ́ ariwo ló ń kọ́kọ́ mọ̀, ẹni tó ń ka iye ló ń gbẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú èmi pé mo máa ń tẹ́tí sí ohun tí kò kàn mí, ẹ ti gbọ́ o.

Ariwo tí arc ń pa yìí, obìnrin ló túdìí rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé n kò lè gbójú fo ìyẹn. Hertha Ayrton lorúkọ rẹ̀, London ló ń gbé. Láyé ìgbà náà, arc ni wọ́n fi ń tan ìmọ́lẹ̀ òpópónà, igi èédú méjì tí iná ń fò láàárín wọn. Ó máa ń ṣẹ́jú, ó sì máa ń hó ṣììì. Ọkọ obìnrin yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n ni, òun ló kọ́kọ́ ń wádìí rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan ló fi ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n kọ dáná. Ìyàwó bá tún ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ní 1899 ló dúró níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi hàn wọ́n pé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tó ń kan èédú gbígbóná náà ló ń mú kó hó. Wọ́n gbà á wọ ẹgbẹ́ lọ́dún yẹn, obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Royal Society, ẹgbẹ́ ńlá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ibẹ̀, ní 1902, wọ́n kọ̀ ọ́. Kí lẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Ó ní ọkọ. Wọ́n ní òfin kò gba obìnrin tó wà nílé ọkọ láyè láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ọkọ náà sì rèé, ọmọ ẹgbẹ́ ni látọjọ́ tó ti pẹ́! Ní 1906 ni ẹgbẹ́ kan náà tún wá fún obìnrin yìí ní àmì ẹ̀yẹ. Mo sọ ọ́ fún Ìyàwó Sójà, ó pòṣé tí mai ruwa fi yíjú padà ní géètì.

Kí n padà sí Kabusa. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kò tíì tutù tán ni òrùlé bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní oṣù karùn-ún 2023, jẹnẹrétọ̀ ti di ohun tí à ń wò. Nígbà tó wá di oṣù kẹrin 2024, tí owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, fò láti náírà 68 sí 225 lórí yúnìtì kan, gbogbo ẹni tó rówó yá ló sá tọ oòrùn lọ. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù náà ra sólà. Ẹni tó bá a ṣe é, ìbátan àna ẹnì kan ni, n kò ní dárúkọ. Ọ̀sán kan ló fi ṣe gbogbo ẹ̀, ó gba owó, ó ṣí orin nínú ọkọ̀, ó gba ọ̀nà Lokogoma lọ.

Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ti mú, òrùlé á máa ta pápápá. Ìyá Ìbejì ní ológbò ni. Bàbá ní aláǹgbá ni. Èmi sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ohun tí a ń fojú kéré, pé ère Ṣàngó ni wọ́n gbé síwájú olú iléeṣẹ́ iná ìjọba ní Marina l'Ékòó, iṣẹ́ ọwọ́ Ben Enwonwu, 1964. Àwọn tó gbé e síbẹ̀ mọ ẹni tó ni iná. Bàbá Tẹ́lọ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ yí padà nígbà tí mo dárúkọ Ṣàngó, tí mo sì fi kún un pé kì í dárí ji olè àti òpùrọ́. Mo rò pé inú ló ń run ún.

Kọ́pà dúró di alẹ́ kó tó gun àkàsọ̀. Ó rí ibi tí wáyà páńẹ́ẹ̀lì kan ti wọ inú èkejì, àwọn ìsopọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní MC4. Akọ rẹ̀ wá láti iléeṣẹ́ kan, abo rẹ̀ láti ibòmíràn. Wọ́n wọ inú ara wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin inú wọn kò bára mu. Òmíràn, pláyà lásán ni wọ́n fi tẹ ẹnu wáyà rẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Èyí burú ju ti ilé ìdáná lọ, ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀ kí ẹ má bàa ní mò ń dẹ́rù bani. Iná NEPA ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ó ń kọjá lórí òdo ní ìgbà 100, arc sì lè rí àyè kú níbẹ̀. Iná páńẹ́ẹ̀lì kì í padà sẹ́yìn, kì í dé òdo. Bí arc bá ti gbà lára rẹ̀, ó lè máa jó títí oòrùn á fi wọ̀. Páńẹ́ẹ̀lì ńlá ayé ìsinsìnyí ń gbé fóltì 40 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́jọ ni bàbá so kọ́ra, ìyẹn ti lé ní 300. Ẹ pa bátìrì, ẹ pa inverter, iná á ṣì wà lára wáyà orí òrùlé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, nítorí kò sí ẹni tó ní súìsì oòrùn. Bíréékà tí oníṣẹ́ náà fi sí ọ̀nà páńẹ́ẹ̀lì, ti iná NEPA ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa irú arc yìí, òun gan-an lè jó mọ́ ọn.

Àwọn olówó ayé pàápàá ti já lu èyí. Ní oṣù kẹjọ 2019, Walmart gbé Tesla lọ sílé ẹjọ́ ní New York, ó ní sólà tí Tesla ṣe sórí òrùlé ti dá iná sílẹ̀ ní méje nínú àwọn ilé ìtajà òun, pé àwọn ìsopọ̀ kò dára. Wọ́n parí ẹ̀ láàárín ara wọn kí ọdún tó parí. Ẹ ò rí i pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń parí ìjà, kì í ṣe bíi ti àwọn kan tí mo mọ̀. Ìwé òfin iná Amẹ́ríkà ti sọ láti 2011 pé sólà ara ilé tó bá ti tó fóltì 80 gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń gbọ́ arc, tí yóò sì gé e. Fún ọ̀nà iná yàrá ibùsùn, láti inú ìwé 1999 ni wọ́n ti kọ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di dandan ní 2022 fún àwọn ilé gíga, ilé akẹ́kọ̀ọ́ àti ilé àwọn arúgbó.

Bàbá ní ìyẹn ti òyìnbó. Ó ń sọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí ìròyìn Afriland Towers dé, ilé tó wà ní Broad Street l'Ékòó, 16 oṣù kẹsàn-án 2025. Iléeṣẹ́ panápaná ní yàrá inverter tó wà ní abẹ́ ilé ni iná ti bẹ̀rẹ̀. Èéfín bá àwọn èèyàn lókè níbi iṣẹ́ wọn, àwọn kan bẹ́ láti ojú fèrèsé. Ó kéré tán, ẹni mẹ́wàá kú. N kò ní ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí ìyẹn. Ọjọ́ yẹn ni bàbá dìde, ó ní kí Kọ́pà tún gbogbo ìsopọ̀ orí òrùlé ṣe, akọ àti abo iléeṣẹ́ kan náà, kó sì fi bíréékà tó tọ́ sí ọ̀nà páńẹ́ẹ̀lì. Kọ́pà tú inú inverter wò lójú fóònù. Ohun tó ń gbọ́ arc wà nínú rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Wọn kò kàn tàn án ni!

Ti inú ilé ló kù. Ọmọ bàbá tó wà ní Manchester wálé fún Kérésì, ó mú ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ń gbọ́ arc dání nínú báàgì, kò tóbi ju bíréékà lásán lọ púpọ̀. AFDD ni wọ́n kọ sí i lára. Kọ́pà ní ohun tí rédíò bàbá ń ṣe náà ló ń ṣe, ó ń tẹ́tí sí ariwo tó ga gan-an tó ń gun orí iná lójú wáyà, láti ìgbà tí ohun tó ń kọjá bá ti tó ámpíà 2.5. Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé gbogbo ariwo kọ́ ni arc burúkú. Inverter tó ní àlàáfíà ń hó lórí rédíò. Bẹ́ńdà Ìyàwó Sójà ń ta iná wínníwínní nínú ikùn rẹ̀ nígbàkigbà tó bá ń lọ ata, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Nígbà tí irú ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà, ó ń gé iná nítorí ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ lásán, àwọn onílé sì ń yọ ọ́ dànù. Èyí tó gbọ́n nínú wọn á kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta. Ariwo bẹ́ńdà ń padà wá bákan náà ní gbogbo ìgbà, ti arc kì í jọra, ó ń ga, ó ń dákẹ́, ó ń fò síbi tí kò yẹ. Èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ohun tí mo gbọ́. Nígbà mìíràn.

Wọ́n so ó mọ́ ọ̀nà iná àwọn yàrá ẹ̀yìn. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ ló já. Bàbá ní òpùrọ́ ẹ̀rọ ni, bẹ́ńdà ló dẹ́rù bà á. Ìyàwó Sójà jáde wá, ó ní orí òun kò gbà á, òun kò lọ nǹkan kan. Wọ́n gbé e padà, ó ṣe díẹ̀, ó tún já. Kọ́pà bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ohun tí kálukú ń lò. Nígbà tó dé yàrá ìkẹyìn, Bàbá Tẹ́lọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì, ó ní gílóòbù kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá òun. Lẹ́yìn rẹ̀, a rí àyọ́ọ̀nù lórí tábìlì, ó ń yọ èéfín.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé. Wáyà ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n ló gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an. Bàbá Tẹ́lọ̀ ní kí wọ́n má gbé bẹ́ẹ̀dì náà, òun fúnra òun á gbé e lọ́la. Wọ́n gbé e. Wáyà ti pẹlẹbẹ, ó ti pọ́n ní ojú kan, ó sì ń rùn bí ẹja. Ṣùgbọ́n ẹni tó wo wáyà, Kọ́pà nìkan ni. Nínú ọ̀rá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nǹkan búlúù kan ń dán, yáàdì mẹ́fà, síṣọ́ọ̀sì kò tíì kàn án.

Ìyàwó Sójà ló kọ́kọ́ figbe ta. "Ìyá Ìbejì! Ẹ sáré máa bọ̀ o, ẹ wá wo ẹja yín!" Kí n tó yíjú, Ìyá Ìbejì ti wọlé, òun àti Ìyàwó Sójà ti jọ di Bàbá Tẹ́lọ̀ mú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Kọ́pà ń pariwo pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ yọ wáyà yìí kúrò lára iná. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn.